Ìbọ̀wọ́

Ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ irin l'Ódogunyàn ni a sùn,
òru mọ́kànlá, òjò méjì.
Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ wa sínú ìwé ewé ọgọ́ta,
nítorí pé ọwọ́ tèmi ṣì lè di bírò mú.
Ohun àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe owó oṣù.
Ìbọ̀wọ́ ni.
Irin tó ti yọ́ kì í béèrè ọmọ ẹni tí o jẹ́.

Ṣọ̀tẹ́yẹ, tí ìka rẹ̀ ṣẹ́ ku méje,
gun orí garawa ọ̀dà, ó ní,
"Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń wá.
Ṣé kí ẹkùn má pa wá jẹ mọ́ ni,
àbí kí ó máa fi ṣíbí jẹ wá?"
A rẹ́rìn-ín.
Ebi ń pa wá, a sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejìlá wọ́n ṣí géètì.
Wọ́n fún wa ní ìbọ̀wọ́. Wọ́n fún wa ní wákàtí mẹ́jọ.
Wọ́n fún wa ní ọjọ́ Àìkú,
tí Ọlọ́run ti fún wa tẹ́lẹ̀.
Kúbúrátù wọ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ délé,
ó fi ra ọmọ rẹ̀ lórí, ọmọ bú sẹ́kún.
A jó dé títì Ṣágámù.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: A ti ṣẹ́gun.
Mo fa ìlà méjì sí i nídìí.
Bí mo bá ní kò dùn, irọ́ ni mo pa.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun lẹ́sẹ̀, kì í dágbére.
Lọ́dún kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ìbọ̀wọ́ nínú owó wa.
Lọ́dún kẹta, wọ́n tà wá fún alágbàṣe,
tábìlì kan, ọkùnrin kan, lábẹ́ igi máńgòrò,
ó ní a kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin mọ́,
pé àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ọjọ́sí, àwọn mìíràn ni.
Àwa náà ni.
Wákàtí mẹ́jọ ṣì wà níbẹ̀ o.
Owó rẹ̀ ni kò ra gàárì mọ́,
la bá fi ẹsẹ̀ ara wa rìn lọ
bẹ̀bẹ̀ fún wákàtí kẹsàn-án, fún ìkẹwàá, fún ìkejìlá.
Ẹnikẹ́ni kò rú òfin.

Apẹja ni bàbá mi, l'Èbúté Ìpakodò.
Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, omi ni mo ń gbọ́n:
igbá kan, ihò kan, èmi láàárín wọn.
Ọdún méjìlélógún ni ọkọ̀ yẹn fi jò.
A kò rì.
A kò sì gbẹ rí.

Lánàá, ọmọ Ṣọ̀tẹ́yẹ wá bá mi.
Ìdí iná kan náà lòun náà ń ṣiṣẹ́ báyìí.
Ó ka ìwé náà tán lórí ìdúró.
Ó ní, "Ìyá, ẹ̀bẹ̀ pọ̀ jù nínú èyí.
Ihò lẹ̀ ń dí. Ìgbà wo lẹ ó gbẹ́ ọkọ̀ mìíràn?"
Mo ní, igi dà? Wọ́n ti fi wáyà yí igbó ká.
Ó ní, wáyà ṣeé gé.
Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.
Mo tún mọ orúkọ àwọn tó bómi lọ
níbi tí a ti ń jiyàn lórí àáké.
Mo bi í pé, bí ẹ bá ń gbẹ́ tuntun lọ́wọ́,
ta ni yóò máa gbọ́n omi
inú èyí tí àwọn ọmọdé jókòó sí?

Kò dáhùn.
Ó ní kí n jẹ́ kí òun mú ìwé náà lọ,
pé ewé tó funfun ṣì kù lẹ́yìn.
Èmi náà kò dáhùn.
Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.
Mo kà wọ́n, n kò mọ ìgbà tí mo ń kà wọ́n:
ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé.